Nígbà Tí Àyẹ̀wò Bá Ní Kò Sí Nǹkan Kan

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ọ̀dọ́mọbìnrin oníròyìn kan nílùú New York rí ojú àpá pupa méjì lápá òsì rẹ̀, ló bá gbà pé ìdun ti wọlé òun. Ó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń fín oògùn kòkòrò. Onítọ̀hún dé, ó yẹ ilé wò, ó ní kò sí ìdun kankan níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò gbà. Ó ní kó ṣáà fín in. Susannah Cahalan lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 24 ni, ìwé ìròyìn New York Post ló ń bá ṣiṣẹ́, iṣẹ́ oníròyìn nírú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ọ̀rọ̀ ìdun yìí ni àìsàn rẹ̀ fi kọ́kọ́ yọjú, kò sì sẹ́ni tó lè mọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, apá òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Oorun dá lójú rẹ̀, oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́. Ó ń tú ẹrù ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wò nígbà tí ìyẹn kò sí nílé, bó ṣe pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Níbi iṣẹ́, ó lè bú sẹ́kún láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ tán, á ti máa fò fáyọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan níwájú tẹlifíṣọ̀n, ara rẹ̀ le gbagidi, ó pa eyín pọ̀, ìfófòó àti ẹ̀jẹ̀ ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Gìrì ló gbé e. Bí irú rẹ̀ bá ń padà wá ṣáá, wárápá la ń pè é.

Wọ́n gbé e kiri ọ̀dọ̀ dókítà. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú orí rẹ̀: kò sí nǹkan kan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò: kò sí nǹkan kan. Dókítà kan ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé á lọ fúnra rẹ̀. Òmíràn, onímọ̀ ọpọlọ ni tọ̀hún, gbọ́ pé ọmọ náà máa ń mu wáìnì lálẹ́, ó ní ọtí àmujù ni, àìsùn àti wàhálà iṣẹ́ ló tún kún un. Dókítà tó ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú gbọ́ bó ṣe ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín, ó sì fún un ní orúkọ irú wèrè kan tí ìdùnnú àti ìbànújẹ́ máa ń gba ara wọn lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sí òpè nínú wọn. Ohun tí kálukú mọ̀ jù ló fi wo ọmọ náà.

Nígbà tí wọ́n máa fi gbà á sílé ìwòsàn Yunifásítì New York lóṣù kẹta ọdún náà, ọ̀rọ̀ ti burú. Bó bá wo tẹlifíṣọ̀n, ó gbà pé òun ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bó bá wo bàbá tó bí i, ó ní ẹni yìí kì í ṣe bàbá òun, pé ẹlòmíràn ló gbé àwọ̀ rẹ̀ wọ̀. Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn lórí láti ka iná mànàmáná inú ọpọlọ rẹ̀, ó fà á tu, ó fẹ́ sá jáde. Àwọn kan nínú òṣìṣẹ́ ń sọ pé ibùdó àwọn alárùn ọpọlọ ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni ariwo rọlẹ̀, ohun tó sì rọ́pò rẹ̀ kò dára jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Itọ́ ń ṣàn. Ó ń na ọwọ́ síwájú gan-an, kò ká a kò. Bó bá rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́ bíi ti ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun.

Àwọn òbí rẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́, wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ra ìwé kan, wọ́n jọ ń kọ nǹkan sínú rẹ̀: ohun tí ọmọ jẹ, ohun tó sọ, ohun tí dókítà àárọ̀ wí tí ti alẹ́ tako. Ẹni tó bá wá ń kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kejì tó bá dé lè mọ ibi tí nǹkan dé. Nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, ìwé yẹn wà lára ohun tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ìdílé tí wọ́n ní aláìsàn nílé ní. Èmi ò mọ ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ wa tí á ní kí ẹ má ṣe é, owó bírò kan àti ìwé kan sì ni.

Dókítà Souhel Najjar ni wọ́n wá pè nígbà tí ọ̀rọ̀ sú àwọn tó kù. Ọmọ ilẹ̀ Síríà ni, ó ti di ògbóǹtarìgì onímọ̀ ọpọlọ ní New York. Ó jókòó ti ọmọ náà. Ó ní kí àwọn òbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́: ìdun, apá tó ń kú, orí fífọ́, àìsùn, ẹkún, ẹ̀rín, gìrì. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, ó fún Susannah ní bébà àti bírò, ó ní kó ya aago, kó kọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i láti 1 dé 12.

Ọmọ náà ya òbìrí. Ó kọ nọ́ńbà sí i. Gbogbo méjèèjìlá ló kó jọ sí apá ọ̀tún aago náà, wọ́n fún mọ́ra wọn gádígádí. Apá òsì ṣófo pátápátá. Kò sì rí i pé nǹkan kan kù.

Inú dókítà náà dùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìdùnnú kọ́ ni lójú òbí. Ìdajì ọ̀tún ọpọlọ wa ló ń bójú tó apá òsì ara wa, òun náà ló ń jẹ́ kí á mọ̀ pé ayé ní apá òsì. Ẹni tí wàhálà bá wà ní ìdajì ọ̀tún ọpọlọ rẹ̀ lè jẹ oúnjẹ apá ọ̀tún àwo kó sì fi ti òsì sílẹ̀, kì í ṣe pé ojú rẹ̀ fọ́. Wèrè lásán kì í pa apá kan aago rẹ́. Apá òsì tó ń kú láti ìbẹ̀rẹ̀ náà ń tọ́ka sí ibì kan náà. Ní ojú kan ṣoṣo yẹn, ọ̀rọ̀ kúrò ní ọ̀rọ̀ ọtí àti wàhálà iṣẹ́. Najjar sọ fún àwọn òbí pé ọpọlọ ọmọ wọn wú, pé ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbógun tì í.

Àmì mìíràn ti wà nílẹ̀. Wọ́n ti fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ wò ṣáájú, wọ́n sì ti rí i pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó tún ti pọ̀ sí i. Nítorí náà, irọ́ ni pé àyẹ̀wò kankan kò rí nǹkan. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ olówó ńlá ṣe àti ti ẹ̀jẹ̀ ni kò rí nǹkan. Wọ́n gé díẹ̀ bíńtín lára ọpọlọ rẹ̀ láti fi awò wò ó, wọ́n sì rí i pé ó wú lóòótọ́. Omi ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan ní Yunifásítì Pennsylvania nílùú Philadelphia. Èsì dé: anti-NMDA receptor encephalitis ni. Susannah ni ẹni 217 tí wọ́n máa dá àìsàn náà mọ̀ lára rẹ̀ ní gbogbo àgbáyé.

Ọ̀gá Philadelphia yẹn ni Josep Dalmau, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì. Ní ọdún 2005, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé lórí àwọn ọ̀dọ́bìnrin mẹ́rin tí ìṣòro wọn jọra: orí wọn dàrú lójijì, gìrì ń gbé wọn, èémí wọn ń fẹ́ já, kókó kan sì wà nínú ilé ẹyin wọn. Ó tó ọdún 2007 kí wọ́n tó mọ ohun tí ara àwọn obìnrin wọ̀nyí ń bá jà gan-an, kí àìsàn náà sì tó ní orúkọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ sí ti Susannah. Ká ní ọdún 2006 ni ìdun tí kò sí yẹn wọ ilé rẹ̀, Najjar ì bá ní kó ya aago títí, kì bá tí sí ibi tí wọ́n á fi omi ẹ̀yìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó ṣàìsàn yìí ṣáájú ọdún 2007, ní ilẹ̀ òyìnbó àti ní ilẹ̀ wa, tí wọ́n kú tàbí tí wọ́n gbé ọjọ́ ayé wọn lò nílé àwọn alárùn ọpọlọ. Kò sí ẹni tó lè kà wọ́n.

Kí ni àìsàn náà ń ṣe gan-an? Ara kálukú wa ní ọmọ ogun tirẹ̀. Bí kòkòrò bá wọlé, ara á rọ ohun ìjà tó bá kòkòrò yẹn mu wẹ́kú, á fi gbá a mú. Ohun ìjà yìí làwọn onímọ̀ ń pè ní antibody. Nínú àìsàn yìí, ọmọ ogun ṣi ẹni mú. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló lọ ń dì mú, níbi tí sẹ́ẹ̀lì náà fi ń gba iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì mìíràn rán sí i. Ibi ìgbàṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní NMDA. Òun la fi ń kọ́ nǹkan tuntun, òun la fi ń rántí, ó sì lọ́wọ́ nínú bí èrò wa ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn. Bí ohun ìjà náà bá ti dì í mú, sẹ́ẹ̀lì á fà á wọnú, ibi ìgbàṣẹ́ á sì máa dín kù lójú ara.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ lè sọ ọmọlúàbí di ẹni tó ń sọ pé bàbá òun kì í ṣe bàbá òun, kó bi àwọn tó ń kun ènìyàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ. Oògùn ketamine tí wọ́n ń lò ń dí ibi ìgbàṣẹ́ NMDA yìí kan náà. Aláìsàn tí wọ́n bá fún ní ketamine lè jí kó máa rí ohun tí kò sí, kó máa sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí. Tirẹ̀ á kúrò láàárín wákàtí díẹ̀. Ti ẹni tí ara rẹ̀ ń ṣe oògùn tirẹ̀ sí i lọ́sàn-án lóru kò ní kúrò.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó dùn mọ́ni nínú. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kú. Ibi ìgbàṣẹ́ rẹ̀ ló pòórá, bí a bá sì palẹ̀ ohun ìjà wọ̀nyẹn mọ́, ó lè tún hù. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó ti ń na ọwọ́ gbọnrangandan lórí bẹ́ẹ̀dì fi lè padà síbi iṣẹ́.

Ní ti kókó inú ilé ẹyin, teratoma lorúkọ rẹ̀. Kókó abàmì ni: irun lè hù nínú rẹ̀, eyín lè wà níbẹ̀, ẹran ọpọlọ náà sì lè wà níbẹ̀. Ara rí ẹran ọpọlọ níbi tí kò yẹ kó wà, ó rọ ohun ìjà sí i, ohun ìjà náà sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọpọlọ gidi. Lára àwọn obìnrin tó ní àìsàn yìí, àwọn tí wọ́n bá kókó lára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Bí wọ́n bá yọ ọ́ kíákíá, ara wọn máa ń tètè yá. Wọ́n wá a lára Susannah, wọn ò rí i. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì herpes ló kọ́kọ́ kọlu ọpọlọ wọn, tí ara wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ẹni mú lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á.

Àìsàn yìí kò mọ lára ènìyàn nìkan. Ọgbà ẹranko Berlin ní Jámánì ní béárì funfun kan tí gbogbo ayé mọ̀, Knut. Lóṣù kẹta ọdún 2011, níṣojú àwọn tó wá wòran, Knut bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, gìrì gbé e, ó ṣubú sómi, ó kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ó gba àwọn onímọ̀ títí di ọdún 2015 kí wọ́n tó kéde ohun tí wọ́n bá nínú ọpọlọ rẹ̀: àìsàn Susannah gan-an ni. Béárì kò ní orogún, kò bá ẹnikẹ́ni du ilẹ̀ bàbá, wọn kò sì fi í jẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ tí ẹlẹgbẹ́ á fi bínú sí i.

Mo mẹ́nu ba orogún nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìtàn Susannah ní Ìbàdàn tàbí ní Àkúrẹ́ ti mọ ibi tí wọn ì bá gbé ọmọ náà lọ. Ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí, tó ríṣẹ́ gidi, tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹnuure fún, tí orí rẹ̀ wá dàrú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ayé ló ṣe é. Àbìlù ni. Wọ́n á gbé e lọ sílé àdúrà, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ààfáà, wọ́n á gbé e lọ sílé olóògùn tó ń fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ de wèrè mọ́lẹ̀. N kò sọ èyí láti fi yẹ̀yẹ́ ẹnikẹ́ni. Ní New York níbi tí gbogbo ẹ̀rọ pé sí, dókítà ní wáìnì ni. Ohun tí ilé àdúrà àti dókítà yẹn fi jọra ni pé kálukú ti ní ìdáhùn lọ́wọ́ kí ó tó gbọ́ ìtàn tán. Ibi tí wọ́n fi yàtọ̀ ni pé ìyá Susannah lè kọ̀ fún dókítà, kó lọ sọ́dọ̀ òmíràn, kó sì lọ sí òmíràn sí i. Ta ló ń kọ̀ fún wòlíì?

Àwa náà ti ní àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìtàn tán. Nígbà tí dókítà Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Arò l'Abẹ́òkúta ní ọdún 1954, kò jẹ́ kí wọ́n ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó fi wọ́n sí àwọn abúlé tó yí Arò ká, ó sì ní kí ẹbí wọn bá wọn wá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yin ètò yìí fún ìwà àánú inú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: ẹ̀gbọ́n tó bá àbúrò rẹ̀ wá lè sọ ọjọ́ tí nǹkan yí padà, kó sì sọ bí ọmọ náà ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Dókítà kò lè rí ìyẹn nínú ẹ̀jẹ̀.

Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, tó di ọ̀jọ̀gbọ́n onímọ̀ ọpọlọ ní Ìbàdàn, náà ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, àwọn àgbàlagbà wà tí ẹsẹ̀ wọn kò mọ ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí etí wọn ń di. Osuntokun kò dúró sílé ìwòsàn dè wọ́n. Ó tọ̀ wọ́n lọ láti ilé dé ilé, ó yẹ̀ wọ́n wò, ó wo ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Ìwé tó gbé jáde ní ọdún 1968 so àrùn náà mọ́ májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí wọn kò ṣe dáadáa, lára ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ kò kọjá ẹ̀gẹ́ ṣáá. Àrùn tó bá sì ti ọ̀dọ̀ oúnjẹ wá, ènìyàn lè dènà rẹ̀.

Kí á padà sí New York. Oògùn stẹ́rọ́ìdì ni wọ́n kọ́kọ́ fún Susannah láti mú kí ọmọ ogun ara rẹ̀ sinmi. Wọ́n fún un ní antibody tí wọ́n yọ láti ara ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ara wọn le, wọ́n sì sẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti yọ àwọn ohun ìjà tó ń bá a jà kúrò. Ìtọ́jú náà ná tó mílíọ̀nù kan dọ́là, èyí tí kò ní máa jẹ́ ìròyìn ayọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ń kà á ní ilẹ̀ wa. Stẹ́rọ́ìdì nínú wọn kò wọ́n, òun ni wọ́n sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú níbi gbogbo. Àwọn méjì tó kù ló ń gba owó.

Bí oṣù méje ló tó kó tó padà síbi iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló sì padà. Lóṣù kẹwàá ọdún 2009, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sínú New York Post, ní ọdún 2012 ó sọ ọ́ di ìwé, Brain on Fire. Kò rántí púpọ̀ nínú oṣù tó lò nílé ìwòsàn. Ńṣe ló ṣe ìwádìí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníròyìn: ó ka ìwé tí òbí rẹ̀ jọ kọ, ó bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀, ó wo fídíò tí kámẹ́rà ilé ìwòsàn ká. Ó rí obìnrin kan nínú fídíò náà tó ní ojú òun, kò sì mọ̀ ọ́n.

Orí rere gbe é, orí rere kò sì gbe gbogbo ènìyàn. Nínú ìwé rẹ̀ tó tẹ̀lé e, Susannah kọ nípa ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ní àìsàn yìí kan náà, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti fún ní orúkọ wèrè, tó sì ti lo ọdún méjì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Ìtọ́jú dé, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ náà kò padà sí bó ṣe wà. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ gbé ìròyìn jáde lórí ènìyàn 577 tó ní àìsàn náà, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀dọ́ àti ọmọdé sì kún ibẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, bí ènìyàn 8 nínú 10 ni ara wọn ti yá débi tí wọ́n lè dá bójú tó ara wọn. Àwọn tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú wọn ló ṣe dáadáa jù. Nínú ènìyàn 100, àìsàn náà padà wá bá bí 12.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ kan kí ẹnikẹ́ni má bàa ti ibí lọ ṣi ìwòsàn ẹlòmíràn lọ́nà. Àìsàn yìí ṣọ̀wọ́n. Bí ẹyọ kan sí méjì ni wọ́n ń rí nínú mílíọ̀nù ènìyàn kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni kò ní i, oògùn tí dókítà ń fún wọn sì ni wọ́n nílò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já oògùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítorí pé ó ka ìtàn yìí. Bí ibà gbígbóná bá sì pàdé gìrì ní ilẹ̀ tiwa, ibà ẹ̀fọn tó wọ ọpọlọ àti àrùn yírùnyírùn (meningitis) ni kí á kọ́kọ́ sáré sí, nítorí àwọn yẹn lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ kan.

Ohun tó yẹ kó ta yín jí ni bí nǹkan ṣe tò tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tí orí fífọ́ tàbí ara gbígbóná kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ní ibà lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ènìyàn, kò sùn mọ́. Gìrì gbé e. Ọ̀rọ̀ ń wọ́n lẹ́nu rẹ̀ títí tó fi dákẹ́. Ẹnu, ojú tàbí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fúnra wọn. Ọkàn rẹ̀ ń sáré lù tàbí èémí rẹ̀ ń já. Gbogbo rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Bí oògùn wèrè tí wọ́n fún un bá wá sọ ara rẹ̀ di líle gbagidi dípò kó fara balẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ àmì. Ẹni tó bá ní méjì mẹ́ta nínú wọ̀nyí, kò yẹ kí a fi orúkọ wèrè tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn ńlá tó ní dókítà onímọ̀ ọpọlọ, irú èyí tó wà ní UCH Ìbàdàn. Ẹ mú ìwé dání tí ẹ ti kọ ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí, àti ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fẹ́ gba àdúrà, ẹ gbà á lójú ọ̀nà. Ẹ má ṣojo níwájú dókítà, ẹ bi í tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò? Bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ẹ̀rọ wo ilé ẹyin rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló lè ṣe àyẹ̀wò antibody náà fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n á fi omi ẹ̀yìn náà ránṣẹ́ síbòmíràn. Bí àmì bá ti pọ̀ tó, dókítà lè bẹ̀rẹ̀ stẹ́rọ́ìdì kí èsì tó dé. Ẹ bi í léèrè ìyẹn náà.